Omi Tó Ju Àmì Mi Lọ

Èmi, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Téèpù, tí mo ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá gírámà níbẹ̀. Orí mi pé. Mo ṣì lè wo ènìyàn láti òdìkejì títì kí n sọ iye ìbàdí rẹ̀, kí n má fi íǹṣì kan ṣìnà. Dókítà ní ọkàn mi ló ti rẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ mi.

Àwọn tí yóò mú un ṣẹ ni àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Káfíńtà. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, ẹ má bá wọn jà.

1. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ méjèèjì jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin. Bí kò bá fẹ́ fojú rí wọn, kó tà wọ́n. Mi ò ní bínú.

2. Ewúrẹ́ mi jẹ́ ti Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wa tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́jọ́ tí omi ńlá dé, ewúrẹ́ náà ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pariwo. Kò mọ àmì omi kà, òun ló yè. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà ni mo ṣì í kà.

3. Férémù ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa.

Lápá ọ̀tún rẹ̀ ni mo ti ń fi ẹnu àlùmọ́gàjí fín àmì gíga àwọn ọmọ ilé yìí. Lápá òsì ni mo ti ń fín ti omi, nígbàkígbà tí àgbàrá bá wọlé. Fún ogún ọdún, omi kò kọjá íǹṣì méjìlélógún rí. Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ga ní íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bọ́tìnnì, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin tó máa ń ṣa bọ́tìnnì kiri ilẹ̀, ga ní íǹṣì méjìdínlógójì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ omi ńlá náà, mo gbé e sórí tábìlì, mo ní kó má sọ̀kalẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀: bí omi bá tilẹ̀ dé ibi tó ga jù, yóò ku íǹṣì méjìlá kó tó kan tábìlì. Mo wá ń kó aṣọ oníbàárà lọ sókè lọ́dọ̀ Oníbúrẹ́dì. Nígbà tí mo padà lẹ́ẹ̀kẹta, omi ti dé àyà mi. Íǹṣì mọ́kànléláàádọ́ta ló dúró sí lára férémù. Mi ò ṣírò pé igi máa ń léfòó. Bọ́tìnnì kò sọ̀kalẹ̀. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Tábìlì ló dà á sílẹ̀.

Káfíńtà ló ṣe férémù yìí, lọ́dún tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo wo àpò rẹ̀, mi ò wo ọwọ́ rẹ̀. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni omi fi bá igi rẹ̀ jà, kò jẹrà. Ọkọ tí mo padà fẹ́ kò lò tó ọdún mẹ́ta.

Kí Káfíńtà yọ férémù náà láìfọ́ ọ, kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì káńsù, kí wọ́n nà án ró lẹ́nu ọ̀nà alága. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ̀wé sí i pé kó bá wa gbẹ́ ojú àgbàrá kó fẹ̀ sí i. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó pe ọmọ tirẹ̀ wá dúró ti àmì náà.

4. Yàrá iṣẹ́ náà, kí ẹ wó o. Orí gọ́tà ni mo kọ́ ọ sí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò ná mi ní kọ́bọ̀. Àbúrò mi kìlọ̀ pé omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Mo ní ìlara ló ń ṣe é, a ò sì kí ara wa fún ọdún mẹ́fà. Àbúrò mi, ìwọ lo jàre. Mo kọ ọ́ síbí kí o lè máa fi han ènìyàn.

5. Ilé tó kù jẹ́ ti ọmọ mi ọkùnrin, awakọ̀ akẹ́rù, bí kò bá ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nísàlẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kun ògiri kí o gba ayálégbé. O ní irú omi yẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi ń yípo. Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti padà wá láàárín ọdún mẹ́rin. Ta ló ń purọ́, ìwọ tàbí férémù?

Olùkọ́, aládùúgbò wa, ṣàlàyé fún wa pé èéfín gbogbo ayé ló ń mú òkun àti òfuurufú gbóná, tí ojú ọ̀run fi ń ru omi ju bó ti ń rù tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mi kò rú èéfín rí, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n da omi rẹ̀ sí. Àwọn tó ń rú u jù, ẹ má dákẹ́ fún wọn. Ìwọ náà, tún ọkọ̀ rẹ tó ń tú èéfín dúdú ṣe, kí ẹnu rẹ lè gbà á. Àná kọ́ la ó fi wọn ọ̀la mọ́. Bí o bá kọ̀, ilé di ti àbúrò mi.

6. Téèpù mi, ọgọ́ta íǹṣì. Kí ẹ gé e níbi méjìdínlógójì. Apá yẹn jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin, ìyá Bọ́tìnnì, tí kò wọ yàrá iṣẹ́ mi mọ́ láti ọjọ́ náà, tí kò sì bú mi rí. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Èyí tó kù jẹ́ íǹṣì méjìlélógún. Ẹ fi sínú pósí mi. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2024, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Téèpù, aránṣọ

Àwọn ẹlẹ́rìí tó rí mi bí mo ti ń fọwọ́ sí i:
Olùkọ́, aládùúgbò ọ̀tún
Oníbúrẹ́dì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì