Ẹ̀wù Pupa Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Rẹ

Dodzi ọmọ mi,

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀ yìí nìyí: abọ́ ìfọṣọ mi, omi tó kún un dé ìdajì, ààbọ̀ ọṣẹ, àti ẹ̀wù pupa tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, èyí tí o ní kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sínú òkun, tó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́ bí òkúta. Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni Lomé wà? Kí Mawu, Ọlọ́run wa, ṣọ́ ọ, kí ó sì gba àwa náà lọ́wọ́ rẹ.

Ara wa le. Ewúrẹ́ bí méjì. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í pariwo, ṣùgbọ́n lónìí mo pariwo.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀wù náà ti dé ni bàbá rẹ ti ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrán irin ìlọṣọ kékeré kan wà nínú ọrùn rẹ̀ tí wọ́n ya àgbélébùú lé lórí, a sì gbà pé àwọn tó ṣe é ti gbàdúrà sí i kí wọ́n tó dì í. Lọ́jọ́ Ìsinmi ó da ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ̀má sí i láyà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọ̀ ọ́ lónìí tó jẹ́ ọjọ́ èèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ òkun.

Mo sáré dé etíkun, mo sọ fún Amuzu tó ni ọkọ̀ ojú omi tí bàbá rẹ ń bá lọ sókun, àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ mẹ́rin yòókù, tí gbogbo wọn ra tiwọn lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí wọ́n rí ti bàbá rẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. O ṣáà mọ̀ pé níbí, ohun tuntun tó bá jẹ́ ti òkun kò gbọdọ̀ kan omi kí àgbà tó ta ọtí sí i. Bàbá rẹ ní èmi ni mo ba ẹ̀wù jẹ́, pé inú ló bí ẹ̀wù náà tó fi rì. Mo bẹ̀ wọ́n kí n ri ẹyọ kan bọ omi nínú tiwọn, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ àjẹ́. Amuzu ní, “Ìyàwó Foli, ìwé tó o kà ló ń dà ẹ́ láàmú. Ṣé ọmọ tó o fún lọ́mú ló máa wá pa bàbá ẹ̀?”

Àmọ́ èmi ti tú ẹ̀wù náà wò. Koríko gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, àti àkísà, àti páálí tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìyẹn kò dùn mí tó òwú tí wọ́n fi rán àmì òyìnbó mọ́ ọn láyà. Mo mọ irú rírán yẹn, Dodzi. Síwájú lẹ́ẹ̀mejì, padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan: èmi ni mo kọ́ ọ, lórí àpò ìwé rẹ tó ya. O ní ẹrù lo ń tà ní ìsọ̀ ọ̀gá rẹ, pé láti òkè òkun ló ti ń gbé orúkọ rẹ̀ bọ̀ lára. Àṣé ìwọ lo ń rán orúkọ mọ́ koríko. Ìwọ tí o mọ̀ pé bàbá rẹ kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Wọn kò kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́ rí. Nítorí ẹ̀wù rẹ ni wọ́n ṣe fẹ́ kọjá rẹ̀ ní ìdájí ọ̀la. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo wọ ilé Amuzu, mo kó márààrún níbi tí wọ́n tò wọ́n sí de ọtí òwúrọ̀.

Owó tí mo ń bèèrè kò pọ̀, owó ọkọ̀ dé Lomé ni. Má fi sínú fóònù, nítorí n kò tíì mọ ihò tí owó ń gbà jáde lára tiwa. Fi rán dírẹ́bà. Mo fẹ́ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ ọ̀gá rẹ pẹ̀lú koríko yìí lórí itan, kí n máa fi han gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ wá rajà. Tí ojú bá máa tì ọ́, kúrò níbẹ̀ kí n tó dé.

Ọwọ́ rẹ kò ní ṣe ohun tí ojú rẹ kò ní lè wò. Mawu kò ní fi ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ sí ọ lọ́rùn. Àmín rẹ̀ kù sọ́wọ́ rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Enyonam

Wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn, ohùn bàbá rẹ ló ga jù. Mo ti tẹ́ ẹ̀wù márààrún sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹní, n kò sì ní dìde títí oòrùn yóò fi ga tí ọkọ̀ kò ní lè jáde mọ́. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù yìí, mo ti dùbúlẹ̀ lé wọn lórí.