Ọwọ̀ Mi

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Bàbá Àmì, ọkọ mi, oṣù kẹta rèé tí a sin ọ́, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa sì ti ṣìnà. Ọkùnrin tó gba iṣẹ́ rẹ — Pa-á-tàn-án ni mo ń pè é, torí kò ní oògùn míì — kó gbogbo àwòrán ilé tí ẹ ti yà lọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Láàárọ̀ yìí, nínú gbogbo àbùjá, ọ̀nà ẹ̀bùrú sí àwọn àwòrán náà, tí o ṣe sójú kọ̀ǹpútà oníkálukú, kò sí ẹyọ kan tó ṣí. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, á ní òun ò rí fódà "?w? Mi".

Ìṣẹ́gun, 5
Ó jẹ́wọ́. Bọ́tìnnì òun ò ní àmì, ló bá tún orúkọ fódà náà tẹ̀ ní "Owo Mi". Ìwọ tó ń fi àmì sórí ìwé ọjà!

Ọjọ́rú, 6
Gbogbo wọn ti di onímọ̀ èdè. Akáǹtáǹtì ní owó ni, bóyá o fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀gá ní ọ̀wọ̀ ni, torí ọmọlúàbí ni ọ́. Ayàwòrán àgbà ní ọwọ́ ni, ọwọ́ iṣẹ́ rẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan padà sórí fódà, torí kọ̀ǹpútà mi nìkan lo fi àmì sí. Àbùjá kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ṣí.
Mo mọ̀ ọ́n. Mo ń tẹ tiwọn lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ìtìjú ni. Ṣé kí n wá sọ pé torí mo gbá àwòrán rẹ dànù lọ́dún tí a ṣègbéyàwó lo ṣe sọ mí ní ìgbálẹ̀? Inú yàrá ni orúkọ yẹn ń gbé. Ta ló ní kí o mú un wá síbi iṣẹ́?
Pa-á-tàn-án ní tó bá di ọ̀la, òun á pa gbogbo àbùjá rẹ rẹ́, òun á fún fódà ní nọ́ńbà.
Nọ́ńbà, Bàbá Àmì.

Ẹtì, 8
Mo dìde. Mo ní, "Ọwọ̀ ni. Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀."
Ọ̀gá béèrè pé ọwọ̀ wo nìyẹn.
"Èmi ni, sà."
Ayàwòrán àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín — ó ní abájọ tí o kì í fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì kí o tó lọ jẹun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, tèmi tèmi. Mo tẹ̀ ẹ́, tàmì tàmì. Àbùjá ń ṣí, ilé lẹ́yìn ilé. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni lóòótọ́. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orúkọ náà mọ́. Pa-á-tàn-án rọra wá bi mí bí a ṣe ń rí àmì tẹ̀.

Àbámẹ́ta, 9
Mo gbá abẹ́ tábìlì rẹ nílé lónìí. Látọjọ́ tí o ti lọ ni n kò ti débẹ̀.
Bébà méje. N kò da ìkankan nù.