Orúkọ Bàbá Mi Létí Omi

Ìyá àgbà mi ní Abereke,

Mo kí yín, mo kí Àǹtí Moríkẹ́ àti gbogbo ilé. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara mi le, òtútù ìlú òyìnbó níbí nìkan ni.

Mo ti wọ ẹgbẹ́ tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi díje ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ní ọdún 1894, omi gbé ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà lọ. Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó wọkọ̀, oníkálukú máa ń pe orúkọ òkú rẹ̀ kan. Nígbà tó kàn mí, mo dákẹ́.

Ọ̀gá wa ní, “Ṣé ìwọ ò ní ẹnì kankan ni?”

Ẹ ti kìlọ̀ pé a kì í pe bàbá mi létí omi, torí òkun ò tíì dá òkú rẹ̀ padà. Ìyá àgbà, ṣé kí n pè é? Bí ẹ bá ní rárá, màá gbà. Àmọ́ ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń rò pé n kò ní ẹnì kankan.

Olúwa á dá yín sí fún wa. Ẹ ní kí Àǹtí pè mí lórí fóònù, kó sọ èsì yín fún mi.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fólúwa