Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù Kugbo: Ìgbésí Ayé Olóògbé Jòṣúà Èyítáyọ̀ Sàláwù (1953–2025)

A bí bàbá wa, Olóògbé Jòṣúà Èyítáyọ̀ Sàláwù, ní ìlú Ìyàrà ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní oṣù kẹta ọdún 1953. Sàláwù Àjíbóyè ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, àgbẹ̀ kọfí àti iṣu, Mùsùlùmí. Rúùtù ni ìyá wọn, onígbàgbọ́. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá yìí ti bí ṣáájú, tí gbogbo wọn kú kí wọ́n tó lè rìn. Nígbà tí ìkẹrin dúró, ó ní èyí nìkan náà tó ayọ̀ fún òun, ibẹ̀ ni orúkọ Èyítáyọ̀ ti wá. Lẹ́yìn náà ló bí àbúrò wọn obìnrin, Sàídátù, tó wà láàárín wa lónìí.

Ní ọdún 1960 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìyàrà. Agbádá àtijọ́ bàbá wọn ni a gé rán ní ẹ̀wù ilé ẹ̀kọ́ fún wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ejò bu bàbá wọn jẹ ní oko, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láyé. Bàbá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967, ìyá wọn mú wọn lọ sí Kàbbà láti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Odindi ọdún kan kọjá kí ọ̀gá wọn tó fi òòlù lé wọn lọ́wọ́. Omi ni wọ́n ń pọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá, orí èérún pákó ni wọ́n sì ń sùn. Ayùn bù wọ́n ní àtàǹpàkò òsì ní ọdún 1969. Ẹni tó bá ti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ rí mọ̀ pé èékánná ibẹ̀ kò hù mọ́.

Ọdún 1982 ni wọ́n dé Abuja, nígbà tí ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa àti katakata tó ń wú ilẹ̀. Wọ́n ń kan pákó fún àwọn tó ń da kọnkéré, wọ́n sì ń gbé ní Nyanya nínú yàrá tí àwọn ọkùnrin mẹ́fà jọ ń sùn. Iṣẹ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1984. Gààrí láìsí ṣúgà ni wọ́n fi gbé gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, wọn kò sì ránṣẹ́ sílé pé kò dára.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1985, wọ́n fẹ́ Omidan Ọmọ́níkẹ́, aránṣọ, ọmọ Ògìdì. Ọlọ́run fi Dára, Diméjì àti Níyìolúwa ta wọ́n lọ́rẹ. Ní ọdún 1991 ni tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Nyanya. Bí ọ̀kan bá wà nínú kíláàsì, èkejì á gbé ọmọ dúró lábẹ́ fèrèsé, á máa gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Bàbá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò ní ọdún 1993. Wọ́n tún un kọ ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n sì yege.

Ní ọdún 1997, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Kugbo. Bàbá ń kan àga, Màmá ń rán ìbora rẹ̀. Iná jó ṣọ́ọ̀bù náà kanlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2006, ìgbà òjò méjì gbáko ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ tapólì kí wọ́n tó tún un kọ́. A yà wọ́n sí díákónì nínú ìjọ wọn ní Kárù ní ọdún 2001, ọwọ́ wọn ni gbogbo bẹ́ǹṣì inú ìjọ náà ti jáde. Wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ ọmọ Ìjùmú ní agbègbè wọn. Bí ọmọ ìlú kan bá kú sí Abuja tí kò ní ẹni púpọ̀, Bàbá ni wọ́n ń kan pósí rẹ̀, wọn kì í sì í gba nǹkan kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, bí wọ́n ṣe ń fá pákó lọ́wọ́ ní Kugbo, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ilé ìwòsàn ní Gwagwalada, níbi tí Dára ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ni wọ́n wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kí ó tó jáde, apá kan ojú wọn sì dúró gbagidi, kò lè rẹ́rìn-ín. Ọpọlọ wọn pé. Èyí gan-an ló ṣòro fún àwọn ènìyàn láti gbà.

Ìfẹ́ ni ẹbí fi tọ́jú wọn. Diméjì gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn, ó sì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má bi Bàbá ní nǹkan kan. Àwọn tó wá kí wọn á jókòó tì wọ́n, wọ́n á yíjú sí Màmá, wọ́n á ní, “Ṣé bàbá ti jẹun? Ṣé wọ́n ń rí oorun sùn?” Àwọn ọmọ-ọmọ ń bá wọn ta lúdò, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n borí. Bí Bàbá bá la ẹnu, ẹlòmíràn á ti bá wọn parí ọ̀rọ̀. “Dádì, ẹ sinmi” ni wọ́n ń gbọ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n sọ fún Màmá pé, “Ìyá Dára, àwọn ọmọ yìí ti ń ṣọ̀fọ̀ mi. Mo sì jókòó síbí.”

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún náà, ilé ìtura kan láàárín ìlú gbé tábìlì gígùn kan wá sí Kugbo, tí aṣọ aláwọ̀ ewé orí rẹ̀ ti ya. Tábìlì kásínò ni, èyí tí àwọn ènìyàn ń jókòó yí ká láti ta káàdì. Diméjì àti àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan aṣọ tuntun mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá ní àárín ni kí wọ́n ti máa nà án lọ sí etí, kí ó má baà sún jọ. Diméjì ní, “Dádì, ẹ jókòó, a ti ń ṣe é.” Aṣọ náà sún jọ.

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé tábìlì padà, Bàbá wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú kásínò náà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tú ìṣó, wọ́n sì dúró tì wọ́n títí a fi na aṣọ náà láti àárín. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó láti wo ohun tí a ń fi tábìlì ṣe. Priscilla, ọmọ Kàbbà tó ń pín káàdì níbẹ̀, ló ṣàlàyé eré náà fún wọn, òun náà ló sì ròyìn rẹ̀ fún ẹbí nígbà tó wá kí wa lẹ́yìn ikú wọn. Póókà ni orúkọ eré náà. Káàdì méjì ni a ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ló ń wò ó. Káàdì márùn-ún mìíràn á wà láàárín tí gbogbo ojú rí. Kì í ṣe ẹni tí káàdì rẹ̀ dára jù ló ń borí nígbà gbogbo. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹnìkejì ń rò lè borí láìní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ á ju káàdì sílẹ̀, á sì pàdánù owó tó ti fi síwájú.

Ní gbogbo ìgbà òjò ọdún 2023, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá fi ń lọ. Nílé, wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ arákùnrin tó ń bá wọn na apá ní Kárù. Irọ́ ni, díákónì sì ni wọ́n. A kọ ọ́ síbí nítorí pé ọ̀pọ̀ ti gbọ́ apá kan rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ìyókù. Bàbá kò fọwọ́ kan owó ṣọ́ọ̀bù tàbí ti ìjọ. Ohun tí àwọn ọmọ ń fún wọn ná ni wọ́n ń mú lọ. Bó bá tán, wọ́n á dìde.

Ojú tó ń tì wọ́n láti gbé lọ sí ìjọ wá di àǹfààní níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wò ó kí ó mọ bóyá inú wọn dùn. Àwọn tó wà lórí tábìlì ń sọ pé, “Kai, ojú bàbá yìí, ògiri ni.”

Oníṣòwò aṣọ kan láti Ìlọrin, Ismaheel, tó ń tajà ní Wúsè, wà lára wọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá kí ó tó jókòó. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá sì ti ti àwọn ike pẹlẹbẹ tí a ń lò dípò owó síwájú, Ismaheel á ju káàdì sílẹ̀, nítorí pé ojú ń tì í láti bá àgbàlagbà du nǹkan. Bàbá fura. Wọ́n ní, “Kí lo jù sílẹ̀ yẹn?” Ó ní kò dára rárá. Wọ́n ní kí ó ṣí i. Ó ṣí i, ó sì dára ju tiwọn lọ.

Bàbá ní, “Àánú mi ló ṣe ọ́. Mò ń rí ìyẹn gbà dáadáa nílé. Tí o bá tún ṣe é, wá ìjókòó mìíràn.”

Ismaheel ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ó sunkún lónìí o.”

Kò pẹ́ tó fi gba gbogbo ike tó wà níwájú wọn. Màmá rántí ọjọ́ náà, nítorí pé Bàbá wọlé, wọ́n bèèrè oúnjẹ, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ń kọ orin ìjọ nínú balùwẹ̀. Màmá gbàdúrà fún ẹni tó ń bá wọn na apá.

Bí wọ́n ṣe ń to àwọn ike náà, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n tún ń tò ó, ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ti ń di bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn fúnra wọn. Dára ní ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí, dandan ni kí ẹbí lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó se ìrẹsì kún kúlà, ó ra páálí máòtì kan, ó sì kó wọn lọ sí Kárù. Arákùnrin náà gba ẹrù náà tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, “Bàbá ńkọ́? A kò rí wọn láti oṣù karùn-ún. A ti rò pé...” Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ojú ti Dára láti gbé kúlà rẹ̀ padà, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Dára sọ ọ́ fún Diméjì, ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Diméjì tọpa Bàbá dé kásínò. Ó bá wọn lórí tábìlì tí òun fúnra rẹ̀ kan aṣọ mọ́, ó sì lọ dúró lẹ́yìn wọn. Ismaheel kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lẹ́yìn bàbá yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ wo káàdì wọn.”

Diméjì ní, “Ara wọn ò yá. Ẹ máa rọra ṣe wọ́n.”

“Ara ta ni ò yá? Ẹ wá jókòó síbí kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tó bá ń ṣàánú bàbá yìí, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn relé.”

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú apá ojú tó ṣẹ́kù fún wọn. Láti ìgbà àìsàn náà, Diméjì kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.” Bàbá ní kí ó jẹ́ kí àwọn parí èyí tó wà lọ́wọ́. Wọ́n ti gbogbo ike wọn síwájú. Ismaheel wo ojú wọn títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì ju káàdì sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Diméjì bèèrè pé kí ni wọ́n mú lọ́wọ́.

Bàbá ní, “Kò sí nǹkan kan. Òun ló rò pé ó wà.”

Wọ́n dé ọ̀nà Nyanya. Diméjì yà sí Kugbo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti tilẹ̀kùn lọ. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún. Kọ́kọ́rọ́ kò tètè rí ihò. Ó bọ́ sílẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú un. Diméjì kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá kò padà sí kásínò mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún olùṣọ́-àgùntàn fúnra wọn. Ìjọ gba ipò díákónì lọ́wọ́ wọn fún ọdún kan, orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tí wọ́n kàn fúnra wọn ni wọ́n sì jókòó sí. Wọ́n ní ìdájọ́ náà tọ́, nítorí irọ́ tí àwọn pa. Olùṣọ́-àgùntàn ní nítorí káàdì náà ni. Àwọn méjèèjì kò fẹnu kò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 ìjọ dá wọn padà sípò, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n títí dé òpin.

Ọdún méjì ni Bàbá tún fi ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ní àràárọ̀. Wọ́n ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ wí, wọ́n ń pàdánù nínú lúdò, wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ-ọmọ jà lórí rẹ̀. Ismaheel wá kan ibùsùn ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bó ṣe dúnàádúrà tó, Bàbá kò dín nǹkan kan fún un.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀ wálé, wọ́n sì fi lé Diméjì lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, wọn kò jí.

Kugbo ni Diméjì ti kan pósí tí ẹ rí níwájú yín yìí. Ismaheel ló gbé aṣọ funfun inú rẹ̀ wá, Màmá ló ṣẹ́ etí rẹ̀. Àárín ni Diméjì ti nà án lọ sí etí. Kò sún jọ níbì kankan.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Bàbá ni ìyàwó wọn, Màmá Ọmọ́níkẹ́ Sàláwù. Àwọn ọmọ wọn, Dára, Diméjì àti Níyìolúwa tó ń ṣe olùkọ́ ní Kuje. Àwọn ọmọ-ọmọ, tí Olúwafẹ́rànmí jẹ́ àgbà wọn. Àbúrò wọn, Màmá Sàídátù ní Ìyàrà. Àti gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá, nígbà tí ara yín kò yá, gbogbo wa ní kí ẹ sinmi, ẹ kọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ṣì kù. Iṣẹ́ ti parí wàyí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Diméjì, ẹ̀yin lẹ fi lé e lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ Ìyàrà gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí Olúwa tó dá yín sí nígbà náà gbà yín báyìí. Ẹ sinmi, Dádì. Ẹ sùn re o.