Àdúrà Ìrìn-Àjò Tí Mo Tú Ká

                                                Ẹ̀yìn gáràjì gbaka,
                                                Adjamé, Abidjan,
                                                Côte d'Ivoire.
                                                Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Nàfísà mi ọ̀wọ́n, Ìyá Irfan,

O kú ilé, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún Bàbá Irfan ti ń jẹ́ kó dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí? Irfan ńkọ́, ṣé ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò? Mo gbọ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ, ọmọ Siddiqah, ti ń rìn, pé kò sí ohun tó wà lórí tábìlì tí kì í fà lulẹ̀. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o. Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́. Ìbò ti kọjá, àwọn aránṣọ sì ti ń padà wá ra òwú àti síìpù díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Nàfísà. Mo kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, nígbà tí mo tún un gbọ́, ariwo tí mo ń pa lásán ni. Mo pa á rẹ́. Mo gba òmíràn, ariwo náà ni. Ni mo bá wá báírò. Raliatou aládùúgbò wa ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí fún ọ.

Ọ̀rọ̀ Mustaqeem ni. O mọ̀ pé ọmọ yẹn ṣe yunifásítì díẹ̀, kò parí rẹ̀, ló bá ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ní èbúté Vridi, ó ń já ẹrù. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lóṣù tó kọjá, ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní òun ti rí iṣẹ́ sí Yúróòpù. Bàbá rẹ̀ fò sókè. Èmi ní, iṣẹ́ wo? Ó ní iṣẹ́ ológun ni.

Ogun àwọn òyìnbó tí gbogbo wa ń gbọ́ nínú rédíò yẹn ló fẹ́ lọ jà o! Mi ò fẹ́ kọ orúkọ ìlú náà síhìn-ín, kó má baà ba ìwé mi jẹ́. Wọ́n á fún un láṣọ, wọ́n á kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó bá lo ọdún kan, wọ́n á sọ ọ́ di ọmọ onílùú. Jean-Marc, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń já ẹrù, ló mú un mọ ẹni tó ń kó wọn lọ.

Mo ní, "Mustaqeem, àwọn tí o fẹ́ lọ yìnbọn sí yìí, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Ó ní, "La vieille, mi ò ní yìnbọn sí ẹnì kankan. Ẹnu géètì ni wọ́n ní mo máa ṣọ́."

La vieille ni wọ́n ń pe ìyá wọn níbí, ìyá arúgbó, wọn ò sì kà á sí ìwọ̀sí. Mo ní, "Ṣé kò sí géètì ní Vridi ni?"

Bàbá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kọ́mọ sọ̀rọ̀.

O rántí àrùn ìwé kíkà tí olùkọ́ wa kó ràn wá ní fọ́ọ̀mù fáìfù. Kò tíì fi mí sílẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ìsọ̀, mo máa ń dúró níwájú ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáràjì gbaka, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré ibí. Wọ́n máa ń tẹ́ ìwé náà síta, a ó dúró, a ó ka àkọlé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a ó máa jiyàn. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Sudan lónìí, Palestine lọ́la, Mali tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí lọ́túnla. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni àwọn ọkùnrin yẹn ń sọ ọ́: ẹni báyìí ti gbá a wọlé, ẹni báyìí kò ní lè dá a padà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń pa mí. Láti ìgbà tọ́mọ mi ti sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó ń jẹ́ Yannick ń yin bọ́ǹbù kan bí ẹni ń yin ọmọ rẹ̀, mo bi í pé mélòó nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níbi tí bọ́ǹbù náà balẹ̀ sí. Ó ní, "Tantie," bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí, "ìwé la wá kà o, a ò wá jà."

Ìwé la wá kà! Ó dáa. Àwọn àgbàlagbà tó dá ogun yìí sílẹ̀, ìdí tábìlì ni wọ́n wà, omi inú ìgò wà níwájú wọn, wọ́n wọ táì. Yálà ọmọ tiwọn ti tán ni o, tàbí wọ́n ti fi tiwọn pamọ́, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ti wá ń wá tèmi dé Adjamé. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ta síìpù!

Bàbá Mustaqeem ní ọkùnrin ni, kó lọ gbìyànjú. Mo ní ṣé ó rántí bàbá yín àgbà, Nàfísà, tí òyìnbó kó lọ sógun Bọ́mà? Èmi rántí. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé yín lẹ́yìn ilé-ìwé, Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá tí òun bá wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kankan títí tó fi kú. Ọkọ mi ní ìyẹn ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ṣé ìbọn ayé òde òní ti wá di ẹ̀wà ni?

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni ti mọ́ṣáláṣí. Ní Jímọ̀ọ̀ kan, Àlùfáà Kassim ṣe wàásù lórí àwọn ọmọdé tí ogun ń pa káàkiri ayé, gbogbo wa sunkún. Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde nínú mọ́ṣáláṣí kan náà pé Mustaqeem wa ń lọ sí Yúróòpù, kí a péjọ sílé wa lọ́jọ́ Sunday fún àdúrà ìrìn-àjò. O mọ àṣà àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàálù bí àwọn àgbà kò bá jókòó sórí ẹní, kí àlùfáà ṣe àdúrà, kí ìyá ẹni gbé ọwọ́ léni lórí, kó sì kọ́kọ́ ṣe àmín kí àwọn tó kù tó ṣe tiwọn. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń lálàá, àwọn náà ò jẹ́ fò ó. À ń ṣe é fún ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, à ń ṣe é fún ẹni tó ń lọ rajà ní Dubai. Wọ́n wá fẹ́ ṣe é fún ẹni tó ń lọ gbé ìbọn, bí ẹni pé òun náà fẹ́ lọ rajà ni.

Wọ́n dé lóòótọ́. Ilé kún. Búrẹ́dì wà, dàbínù wà, mílíìkì wà, obì dé láti Anyama. Gbogbo ènìyàn ń pe ọmọ mi ní "Mùsíọ̀ Yúróòpù", ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Yúróòpù. Ìyàwó ẹnì kan ní kó má gbàgbé àwọn o, kó fi fìríìjì ránṣẹ́. Mustaqeem ń rẹ́rìn-ín, ó wọ funfun. Nàfísà, ó rẹwà lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló tún mú inú mi ru.

Àlùfáà tẹ́wọ́. Mo dìde. Mo ní, "Àlùfáà, ẹ forí jì mí, ẹ dúró ná. Kí lẹ fẹ́ bá wa tọrọ?"

Ó ní, "Pé kó lọ láyọ̀, kó bọ̀ láyọ̀, Ìyá Khaleelah."

Mo ní, "Tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ ẹni tó dojú kọ ọ́, kí tiwa tó bọ̀ láyọ̀, ọmọ ta ni kò ní bọ̀? Ẹ sọ ọ́ síta nínú àdúrà yín, kí n lè mọ ohun tí mo ń ṣe àmín sí."

Ọkọ mi ní, "Sùwéébátù, jókòó." Mi ò jókòó.

Àlùfáà yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ìbọn kẹ̀? Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n sọ fún mi." Mustaqeem tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ géètì. Àlùfáà wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní, "Mi ò ní àdúrà tí mo lè ṣe sí èyí o, ẹ má bínú." Ó wọ bàtà rẹ̀. Àwọn tó kù jẹ búrẹ́dì o! Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà, bàbá rẹ̀ náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Khaleelah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní kí n gbé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́. Mo ní rárá. Mi ò ní jalè nínú ilé ara mi, ọmọ náà kì í sì í ṣe èwe.

Ní Thursday, ó gbé àpò rẹ̀ síta. Takisí ti ń dúró. Ó padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, "Màmá, ẹ gbé ọwọ́ lé mi." Kò pè mí ní la vieille lọ́jọ́ yẹn. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Mo ní, "Gbé àpò rẹ wọlé, màá gbé ọwọ́ lé ọ títí tí wàá fi sùn." Kò dìde. Takisí ń fọn fèrè. Ó tún ní, "Màmá." Mo há ọwọ́ mọ́ abíyá ṣinṣin. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀ nù, ó lọ. Mo gbọ́ tí takisí gbéra. Nàfísà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo bínú sí Ọlọ́run, kó forí jì mí, mo bi Í léèrè bóyá Òun náà ń dúró ka àkọlé ni.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Khaleelah tó pè mí láti Port-Bouët, níbi tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Mustaqeem wà nílé òun. Ó ní kí takisí já òun síbẹ̀ kí òun kí ẹ̀gbọ́n òun kí òun tó lọ wọ bàálù, ló bá jókòó, kò dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo, òun ò lè lọ báyìí láìsí àmín Màmá. Nígbà tí bàálù fò kọjá lórí òrùlé, ó jáde lọ wò ó, ó wọlé padà, ó bèèrè bóyá ìrẹsì ṣẹ́ kù.

Má tíì bá mi yọ̀ o. Jean-Marc ní àwọn mìíràn máa lọ kí oṣù yìí tó parí. Mustaqeem kò tíì sọ fún un pé òun ò lọ, fóònù nìkan ló pa. Ó ní tí mo bá wá sí Port-Bouët, òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi, pé mo ti ba ayé òun jẹ́ lójú gbogbo Adjamé.

Màá lọ lọ́la. Láàárọ̀ yìí, bàbá rẹ̀ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Sunday tó kọjá gbé ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Vridi ọmọ náà wá bá mi. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a sínú ọ̀rá. Ó ní, "Mú un dání."

Bá mi kí Bàbá Irfan àti àwọn ọmọ. Sọ fún Irfan pé kó kọ̀wé sí Mustaqeem, wọ́n jọ dàgbà ni, ó lè gbọ́ tirẹ̀. Kó má sọ pé èmi ni mo rán an. Ní tèmi, bí ọmọ yẹn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, màá jókòó síta nínú oòrùn, màá máa pariwo títí yóò fi jáde wá bá mi jà. Kó ṣáà jáde wá bá mi jà.

Èmi tìrẹ ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé,

Sùwéébátù
(Ìyá Khaleelah)