Ọwọ́ Líle Àkọ́bí Yín

Màmá wa, ọdún keje rèé tí ẹ fi wá sílẹ̀. Ọdún méje! Ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi èébú jí wa mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí Bàbá fi sílẹ̀ ò tíì kú. Àkọ́bí yín obìnrin, Ẹ̀gbọ́n wa, tí ẹ máa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá lójú àlejò, òun tó ti ń bá Bàbá fá pákó láti kékeré náà ló ṣì wà nídìí ẹ̀. Ọmọkùnrin yín tí ẹ kó irinṣẹ́ Bàbá lé lọ́wọ́, torí pé òun ni ọkùnrin, kò mọ orí ìṣó yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀. Ẹ ò tíì pẹ́ ní sàréè tó fi kó gbogbo ẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n wa.

Ṣé ẹ rántí télọ̀ tó fẹ́ fẹ́ Ẹ̀gbọ́n wa? Ó jókòó sí pálọ̀ yín, ó gé irun, ó wọ bàtà tuntun. Ẹ fa ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n wa síwájú ẹ̀, ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà, ẹ ní, “Wò ó dáadáa o. Àbí ọkùnrin bíi tìẹ lo fẹ́ fẹ́ ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Kò padà wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa wọ balùwẹ̀ lọ, ó fi òkúta ha ọwọ́ ẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín kọ̀, ọwọ́ yẹn náà ló ń gbé yín lọ wẹ̀. Ó máa ń fi òróró pa á kó tó fọwọ́ kàn yín. Síbẹ̀, ẹ ń sọ fún àwọn tó wá kí yín pé, “Ká ní mo bí ọmọbìnrin gidi ni, ọwọ́ rírọ̀ ni ì bá máa wẹ̀ mí.” Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́. Ó wọlé, ó ní, “Màmá, ṣé omi ò gbóná jù?”

Òun ló kan pósí yín. Ó fá pákó yẹn títí tó fi ń dán. Níbi ìsìnkú, ọmọkùnrin yín ni ẹbí ń kí: “Ọkùnrin ti sin ìyá ẹ̀!” Ẹ̀gbọ́n wa wà ní kíṣìnì, ó ń fọ abọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ààyè obìnrin.

Ọmọ tí ọmọkùnrin yín bí ti dàgbà, Màmá. Ọmọbìnrin ni, ó fẹ́ràn pákó bí nǹkan míì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìfági, ó fá etí pákó kan gún régé. Ẹ̀gbọ́n wa já ìfági gbà, ó gbá a lọ́wọ́: “Ta ló máa fẹ́ ẹ, ìwọ Bọ̀ọ̀dá yìí?” Ọmọ náà sunkún sá lọ. Ẹ̀gbọ́n wa jókòó sílẹ̀ láàárín eruku pákó. Ó ní ohùn yín ló jáde lẹ́nu òun.

Ó ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò jẹ́ kó rí i. Kò débi pákó mọ́.

Màmá, àárò yín ń sọ wá. Kò sọ ẹnikẹ́ni tó Ẹ̀gbọ́n wa. Láàárọ̀ yìí, ó tu koríko ojú oórì yín, ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ẹnu ẹ̀ wúwo. Ó ní ká bá òun sọ ọ́: ó fẹ́ràn yín. Gbogbo wa fẹ́ràn yín.

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má dá wa lóhùn.