Tiransifọ́má Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Àárò yín ń sọ wá. Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n tún ti ń bá gbogbo wa jà.

Mo ya tiransifọ́má tí Bàbá ń fi wáyà wé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí n lè mọ iye iná tó máa gbé jáde. Bàbá wo iye náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Èyí tó ń jò dànù dà? Iná tó wọ wáyà kìíní kì í dé wáyà kejì tán." Mo yọ díẹ̀ kúrò nínú iye náà fún èyí tó ń jò. Nígbà tí a tan tiransifọ́má gan-an, iye tuntun tí kọ̀ǹpútà sọ gan-an ni míta tí a fi wọn iná kà! Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ bá Bàbá ta ṣọ́ọ̀bù náà fún, nítorí ẹ rò pé kò sẹ́ni tó máa jogún iṣẹ́ wọn, pé a ò tà mọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Èmi àbúrò yín obìnrin, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù.